Gólì wa ti pé 34, ó ń béèrè ọdún márùn-ún: ká fún un àbí ká má fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Mo wà lára àwọn tó ń bójú tó owó ní kílọ́ọ̀bù họ́kì orí yìnyín kan. Líìgì tiwa ò dé ẹsẹ̀ NHL (líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà) rárá, owó tá a ní ò sì pọ̀. Gólì wa àgbà ti pé ọmọ ọdún 34, kọ́ńtíráàtì ẹ̀ máa parí lópin sáà yìí, ó lóun fẹ́ ọdún márùn-ún sí i. Àwọn kan ní ká fún un torí sáà tó kọjá yẹn ó gbayì gan-an, àwọn kan ní gólì tó bá ti ń lọ sí 35 ti parí nìyẹn. Ọmọ ọdún 22 kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí. Kí n tètè sọ tèmi, mi ò ní fún un lọ́dún márùn-ún, mi ò sì ní lé e lọ. Ọdún méjì ni kẹ́ ẹ fún un, tó bá sì gba pé kẹ́ ẹ bu díẹ̀ lé owó ọdọọdún ẹ̀ kó tó lè gbà, ẹ bù ú lé e jàre, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ 22 yẹn ní géèmù láti ìsinsìnyí lọ.

Àwọn tó ní 35 ti parí yẹn, ẹ má dá wọn lóhùn. Johnny Bower ti pé 42 nígbà tí òun àti Terry Sawchuk, ẹni 37, jọ gba Stanley Cup, ìyẹn ife NHL, fún Toronto ní 1967 (Toronto ò sì tíì fojú kan ife yẹn látìgbà náà, àmọ́ ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni). Ní 1969 Jacques Plante tó jẹ́ 40 àti Glenn Hall tó jẹ́ 37 ló jọ gba Vezina ní St. Louis, ìyẹn ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún gólì. Tẹ́ ẹ bá ní ayé àtijọ́ nìyẹn, Tim Thomas ńkọ́? Ẹni ọdún 37 ni lọ́dún 2011 tó kó Boston gba ife, tó gba Vezina tó tún gba Conn Smythe mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀bùn eléré tó ta yọ jù nínú ìdíje ife. Pekka Rinne gba Vezina tiẹ̀ ní 35, Marc-Andre Fleury gba tiẹ̀ ní 36. Sergei Bobrovsky náà nìyẹn, Florida fún un ní ọdún méje, mílíọ̀nù 70 dọ́là, lọ́dún 2019, gbogbo ayé ló fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan pé wọ́n ti ju owó nù, ọkùnrin yẹn wá gba ife ní 2024, ó tún gbà á ní 2025, ẹni 35 àti 36.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Carey Price ò tíì pé 30 nígbà tí Montreal fún un ní ọdún mẹ́jọ, mílíọ̀nù 84 dọ́là, lọ́dún 2017. Ó gbé wọn dé fáínàlì ní 2021, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún lẹ́yìn ẹ̀, géèmù márùn-ún péré ló tún gbá, ó tán. Ẹni 34 ni nígbà tó gbá èyí tó kẹ́yìn, ó sì ku ọdún mẹ́rin gbáko lórí ìwé. Henrik Lundqvist náà, New York Rangers fún un ní ọdún méje, 8.5 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún kan, nígbà tó dé 38 wọ́n fowó rà á kúrò nínú kọ́ńtíráàtì nígbà tó ku ọdún kan. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ orí nìkan ò sọ nǹkan kan fún èèyàn, ẹnì kan á dé 42, ẹnì kan á dúró sí 34.

Ohun tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀, nínú ohun tí èmi ń rí lẹ́nu iṣẹ́, ìbàdí ni. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ojú àti ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ, rárá o, ìyẹn máa ń rọra lọ ni, ìrírí sì máa ń dí i, torí gólì àgbà ti mọ ibi tí pọ́ọ̀kì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá) ń bọ̀ kó tó kúrò nídìí ọ̀pá ẹni tó ń gbá a. Àmọ́ àtìgbà tí Patrick Roy ti sọ ìdúró butterfly di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe, iṣẹ́ gólì ti di kó máa wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, kó da ẹsẹ̀ síta lọ́tùn-ún lósì, kó dìde, kó tún wólẹ̀, láìmọye ìgbà ní géèmù kan ṣoṣo, ẹ ò tíì ka ti tíréníìnì mọ́ ọn, níbi tó ti ń ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí orí egungun itan ti wọnú ìbàdí, ibẹ̀ ni gbogbo yíyí yẹn ń há sí, àwọn egungun yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara wọn, abẹ́ itan á máa fà, á wá dọjọ́ kan tí kò ní lè ti ara ẹ̀ láti òpó kan dé òpó kejì bó ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Roberto Luongo ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí, Rinne ṣe é. Tuukka Rask ṣe tiẹ̀ ní 2021, ó padà wá fún géèmù mẹ́rin, ó fẹ̀yìn tì. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bu ọwọ́ lùwé, ẹ jẹ́ kí dókítà ya àwòrán ìbàdí méjèèjì àti orúnkún ẹ̀. Ẹ tún ka iye géèmù tó ti gbá láyé ẹ̀. Ẹni 34 tó ti ń gbá 60 géèmù lọ́dún láti ìgbà tó ti wà ní 22, ara ẹ̀ dàgbà ju ti ẹni 34 tó jókòó lórí bẹ́ńṣì títí di 30 lọ. Thomas tí mo dárúkọ lókè yẹn, ó ti lé ní 30 kó tó rí ibi jókòó sí dáadáa ní NHL, mi ò rò pé kò lọ́wọ́ nínú bó ṣe pẹ́ tó.

Ó wá kan sáà tó gbayì tẹ́ ẹ sọ. Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí torí ibi tí owó ń sọ nù sí nìyí. Ká ní wọ́n gbá 1,500 pọ́ọ̀kì sí i láàárín sáà kan. Tó bá mú .915 (ìyẹn 915 nínú 1,000 pọ́ọ̀kì) ní ọdún kan, tó mú .905 ní ọdún kejì, gbogbo èèyàn á ní ó ti ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé góòlù 15 péré ni ìyàtọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò ẹ̀, oríire lásán lè gbé góòlù bíi 11 síwá tàbí sẹ́yìn fún gólì kan náà, láìṣe pé ohunkóhun yí padà lára ẹ̀, àwọn tó ń dí iwájú ẹ̀ náà sì tún wà ńbẹ̀. Nítorí náà sáà tó gbayì yẹn lè jẹ́ oríire, èyí tó bá burú tẹ̀ lé e náà lè jẹ́ orí burúkú. Kẹ́ ẹ tó rí ọdún mẹ́ta tí nọ́ńbà ò ní lè purọ́ mọ́, ó ti di 37 kó tó yé yín.

Fídíò ni kẹ́ ẹ máa wò. Ṣé ó ti ń dúró sínú góòlù jìnnà ju bó ṣe máa ń dúró ní ọdún méjì sẹ́yìn? Gólì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yá mọ́ máa ń sá sẹ́yìn kí ìrìn ẹ̀ lè kúrú, kò sì ní sọ fún yín. Ṣé ó ti ń tètè wólẹ̀ kí wọ́n tó gbá a, tó fi jẹ́ pé òkè èjìká ni wọ́n ń gbá a sí? Ṣé pọ́ọ̀kì tí wọ́n bá ti ju láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì ló ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Báwo ló ṣe ń ṣe ní géèmù ọjọ́ kejì tí wọ́n bá gbá a ní ọjọ́ méjì léra? Tí mẹ́ta nínú wọn bá ti wà ńbẹ̀, ẹ má wo .915 kankan.

Lórí ọ̀rọ̀ ètò. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ẹ̀yin ti gbọ́ tiyín, ohun tẹ́ ò mọ̀ ni ọjọ́ tó máa dé. New Jersey mọ̀ pé Martin Brodeur ń lọ, ó ti pé 41, ni wọ́n bá fi àyè kẹsàn-án nínú dráfùtì 2013 (níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun ní ìkọ̀ọ̀kan) ra Cory Schneider lọ́wọ́ Vancouver. Ètò tó dáa nìyẹn, mi ò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ìbàdí Schneider ló wá bàjẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀ ní 2018, nígbà tó fi máa di 2020 wọ́n ti fowó rà á kúrò. Arọ́pò náà ní ìbàdí, ẹ má gbàgbé. Vancouver tó tà á ńkọ́, àwọn ní Luongo àti Schneider pa pọ̀, wọn ò tètè pinnu, láàárín ọdún kan àwọn méjèèjì ti lọ, Luongo sì ni wọ́n ti fún ní kọ́ńtíráàtì ọdún 12 tẹ́lẹ̀, nígbà tó fẹ̀yìn tì ní Florida ní 2019, Vancouver ni líìgì yọ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta nínú sálárì kápù wọn (iye tí ẹgbẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá lórí owó àwọn eléré), fún ẹni tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn láti 2014!

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Nashville. Wọ́n mú Juuse Saros ní ìpele kẹrin dráfùtì 2013, wọ́n jẹ́ kó dàgbà lẹ́yìn Rinne, wọ́n ń fi géèmù kún tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí ọmọ náà fi ń gbá ju àgbà lọ, nígbà tí Rinne máa fẹ̀yìn tì ní 2021 kò sẹ́ni tó sáré wá gólì kiri. Boston náà pín in fún Linus Ullmark àti Jeremy Swayman ní sáà 2022-23, géèmù 65 ni wọ́n borí, kò sí ẹgbẹ́ tó tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí (ìpele àkọ́kọ́ pléyọ́ọ̀fù, ìyẹn ìdíje ife tó ń tẹ̀ lé sáà, ni Florida ti lé wọn síta o, họ́kì nìyẹn). Brodeur gbá géèmù 78 nínú 82 ní 2006-07, lónìí mi ò mọ kóòṣì kankan tó máa dán irú ẹ̀ wò.

Tẹ́ ẹ bá wá fún un lọ́dún méjì, ẹ pín géèmù ọdún kìíní bíi mẹ́fà sí mẹ́rin nínú mẹ́wàá, àgbà ló ni mẹ́fà. Kó má gbá ọjọ́ méjì léra mọ́ láé. Lọ́dún kejì ẹ yí i padà tí ọmọ náà bá yẹ ẹ́. Tí kò bá yẹ ẹ́, ẹ má kánjú sọ pé kò dáa, gólì kì í tètè gbó, Dominik Hasek ti ń lọ sí 29 kó tó di gólì àgbà ní Buffalo, gbogbo wa la sì rí bó ṣe rí lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ tún ka ìwé òfin líìgì yín dáadáa kẹ́ ẹ tó bu ọwọ́ lù ú, torí ní NHL, ẹni tó bá ti pé 35 kí kọ́ńtíráàtì olọ́dún púpọ̀ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, owó yẹn ṣì lè wà nínú sálárì kápù ẹgbẹ́ bó bá tiẹ̀ fẹ̀yìn tì, ó kù sọ́wọ́ bí wọ́n ṣe to owó ọdún kọ̀ọ̀kan. Ríra kúrò náà ò rọrùn, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tó kù ni wọ́n ń san fún àgbà, wọ́n á sì nà án sí ìlọ́po méjì ọdún tó kù. Tiyín lè yàtọ̀, àmọ́ ẹ kà á.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn fúnra ẹ̀, ẹ pè é jókòó, kẹ́ ẹ sọ gbogbo èyí sójú ẹ̀ kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Tó bá ní ọdún márùn-ún tàbí òun ń lọ, tí ẹgbẹ́ mìíràn sì fún un, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ lọ wá gólì tó ti mọ iṣẹ́ tó máa gba ọdún kan, kó wá jókòó ti ọmọ 22 yẹn.