Ṣé oògùn tí mò ń lò ló ń jẹ́ kí ẹnu mi máa gbẹ?

Ẹ ní àtìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun lẹnu yín ti ń gbẹ, búrẹ́dì gan-an ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn yẹn o. Amitriptyline tí wọ́n ń lò fún ìsoríkọ́, oxybutynin tí wọ́n ń lò fún ìtọ̀ tí ò ṣeé mú mọ́ra, chlorpheniramine tí wọ́n ń lò fún ara yíyún, furosemide tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀, gbogbo wọn ló lè fà á.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà, ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀. Ní báyìí ná, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ da ife ńlá sọ́fun lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ wá máa dìde tọ̀ lóru. Ṣingọ́ọ̀mù tí ò ní ṣúgà dáa gan-an torí bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ ni itọ́ á máa sun. Ẹ dín ọtí, sìgá àti kọfí kù, omi ìfọnu tó ní ọtí nínú náà ń dá kún un, ọ̀pọ̀ ò mọ̀yẹn.

Eyín lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí jù, torí itọ́ ló ń fọ ásíìdì kúrò lára ẹ̀, tí ò bá ti tó, eyín á tètè máa jẹrà, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Tí òùngbẹ bá tún ń gbẹ yín ṣáá tẹ́ ẹ sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ ló ń fà á, kó má jẹ́ oògùn rárá.