Server mi ń ṣí nílé l'Àkúrẹ́, kò ṣí tí mo bá dé Oǹdó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé Ubuntu sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nílé mi l'Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́, mo sọ ọ́ di server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú nǹkan fún àwọn ẹ̀rọ yòókù). Ìṣirò ọjà ṣọ́ọ̀bù mi àti fọ́tò àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀. Tí mo bá wà nílé, mò ń fi SSH (ọ̀nà láti wọ inú kọ̀ǹpútà kan láti orí òmíràn) wọ inú rẹ̀ láti orí laptop láìsí wàhálà. Bí mo bá ti dé ṣọ́ọ̀bù l'Oǹdó, á kàn dákẹ́ lọ, lẹ́yìn náà á kọ “Connection timed out”. Router oní-síìmù ni mò ń lò, mo sì ti ṣí port 22 (ẹnu ọ̀nà tí SSH ń gbà wọlé) lórí rẹ̀. Kí ló kù tí mi ò tíì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ohun tí kọ̀ǹpútà sọ gẹ́lẹ́, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní “Connection refused” ló kọ ni, á jẹ́ pé ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan, ó sì lé yín padà: bóyá SSH ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bóyá ẹ ṣi nọ́ńbà port kọ. Tó bá jẹ́ “Permission denied”, ẹ ti dé ibẹ̀, orúkọ tàbí kọ́kọ́rọ́ yín ni kò gbà. Ti “timed out” yàtọ̀. Ẹ pè, ẹnikẹ́ni ò dáhùn rárá. Nítorí náà, ẹ má yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, ẹ má sì tún SSH gbé kalẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, laptop yín ti jẹ́rìí sí i.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé server wà ní títàn. Iná lè lọ lẹ́yìn tí ẹ jáde, kó dé padà, kí kọ̀ǹpútà má sì tan ara rẹ̀. Nínú BIOS (ojú ìwé ètò tí kọ̀ǹpútà ní kí Ubuntu tó bẹ̀rẹ̀), ẹ wá ibi tó jọ “Restore on AC Power Loss”, ẹ yí i sí “Power On”. Bákan náà, tí router bá kú tó tún tàn, ó lè fún server ní àdírẹ́sì mìíràn nínú ilé, port tí ẹ ṣí á sì máa darí sí ibi tí kò sí ẹnìkan. Ẹ jẹ́ kí router fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo pamọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n router oní-síìmù yẹn gan-an ni mo fura sí jù. Ẹ wọ ojú ìwé router, ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n pè ní WAN IP (èyí tí router fi ń bá ìta sọ̀rọ̀). Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èyí lórí server, á fi àdírẹ́sì tí ayé ń rí hàn yín:

`curl -4 ifconfig.me`

Tí méjèèjì ò bá bára mu, tí ti router sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, àdírẹ́sì tí ayé ń rí kì í ṣe tiyín nìkan. Ó dà bí ilé olójúlé púpọ̀ tó ní géètì kan ṣoṣo: ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá yín, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ onílé. Àdírẹ́sì IPv4 (irú nọ́ńbà tí à ń sọ yìí) ò tó ayé pín mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya 100.64.0.0/10 (ìyẹn 100.64 sí 100.127) sọ́tọ̀ ní 2012 fún irú àjọlò yìí. Kò sí port tí ẹ máa ṣí lórí router tó lè yanjú rẹ̀.

Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni kí server fúnra rẹ̀ jáde lọ pàdé yín. Ẹ gbé Tailscale (ètò tó ń so àwọn ẹ̀rọ yín pọ̀ láti ibikíbi) sórí server àti laptop, ẹ fi àkáǹtì kan náà wọlé sórí méjèèjì, ẹ sì tẹ `sudo tailscale up` lórí server. `tailscale ip -4` á fún yín ní àdírẹ́sì kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 (ti Tailscale nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà). Òun ni ẹ ó máa fi SSH pè láti Oǹdó. Ẹ lè yá server kékeré kan níta kí ẹ fi `ssh -R` (tó ń jẹ́ kí server ilé fúnra rẹ̀ la ọ̀nà dé ibẹ̀) gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n owó oṣooṣù àti ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ.

Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá dé Oǹdó kí ẹ tó dán an wò. Nílé níbẹ̀, ẹ já laptop kúrò lórí Wi-Fi ilé, ẹ so ó mọ́ hotspot fóònù yín, kí ẹ tún pe server. Tó bá ti wọlé, ẹ padà sórí router, kí ẹ ti port 22 tí ẹ ṣí yẹn pa. Ẹ ò nílò rẹ̀ mọ́, fọ́tò àwọn ọmọ yín sì wà lẹ́yìn rẹ̀.