Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ Tó Sán: Èwo Ni Adójútòfò Yóò San, Èwo Ni Yóò Kù Sọ́rùn Olówó Ọkọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkúta kan ta láti abẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú mi, ó sì ba gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi. Àpá rẹ̀ kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ìlà tín-ín-rín kan ti ń yọ lára rẹ̀. Mo ní ìwé adójútòfò tí mò ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, n kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn rí. Ṣé wọn yóò tún un ṣe ni, àbí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀? Bí mo bá béèrè, ṣé owó tí mò ń san kò ní lọ sókè? Àbí kí n kúkú fi owó ara mi ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Kí n tó dé orí ìwé adójútòfò yín, iṣẹ́ kan wà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la: ẹ lẹ sẹ́lótéèpù tó mọ́ gaara bo ojú àpá náà láti ìta, kí omi àti eruku má baà ráyè wọ inú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tàbí tútù láti inú ọkọ̀ máa fẹ́ lu gíláàsì náà tààrà. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ka àtúnṣe sí ọ̀ràn kan, wọ́n sì ka ìpààrọ̀ sí ọ̀ràn mìíràn. Bí ìlà tín-ín-rín yẹn bá gùn sí i, ó lè gbé yín kúrò nínú èyí tí ẹ kò ní san ohunkóhun fún bọ́ sínú èyí tí ẹ ó ti dá owó.

Irú ìwé tí ẹ ní ló kọ́kọ́ pinnu. Bí ó bá jẹ́ third party, èyí tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi dandan mú olówó ọkọ̀ láti ní, òfò tí ọkọ̀ yín bá kó bá ẹlòmíràn nìkan ló bò, gíláàsì tiyín kò sí nínú rẹ̀ rárá. Èyí tí wọ́n fi iná àti olè kún kì í sábà kan gíláàsì, àyàfi bí ó bá jẹ́ iná tàbí olè gan-an ló fọ́ ọ. Inú comprehensive, èyí tó bo òfò tó bá ọkọ̀ tiyín náà, ni ẹ ó ti rí i, síbẹ̀ gbogbo comprehensive kọ́ ló kọ ọ́ bákan náà. Níbì kan, gíláàsì ti wà nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀; níbòmíràn, bí irú Malaysia, àfikún tí wọ́n ń rà lọ́tọ̀ ni, pẹ̀lú iye pàtó tí ilé iṣẹ́ náà kò ní san kọjá. Nítorí náà, ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn bá sọ nípa ọkọ̀ tirẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kó má sì kàn yín rárá.

Nínú ìwé yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ windscreen tàbí glass sí, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n sọ nípa excess tàbí deductible, ìyẹn owó tí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá síbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ náà tó san ìyókù. Ti gíláàsì sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ìjàǹbá ọkọ̀, ó sì sábà máa ń kéré jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kì í gba excess kankan bí ẹ bá gbà kí wọ́n tún gíláàsì náà ṣe dípò kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàánú yín: owó àtúnṣe kéré sí owó ìpààrọ̀ púpọ̀, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn kí ẹ tètè wá ju kí ẹ dúró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Àwọn ibì kan tilẹ̀ wà tí òfin ti dá sí i. Ní ìpínlẹ̀ Florida àti Kentucky ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ní comprehensive kì í san deductible lórí gíláàsì iwájú, ì báà jẹ́ àtúnṣe tàbí ìpààrọ̀.

Ṣé tiyín ṣì ṣeé tún ṣe? Ó ṣeé ṣe. Gíláàsì iwájú kì í ṣe gíláàsì kan ṣoṣo. Méjì ni, tí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan so pọ̀ láàárín, irú èyí tí Édouard Bénédictus, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1909. Nígbà tí òkúta bá bà á, gíláàsì ti òde nìkan ló sábà máa ń ṣá, ike àárín á sì di ìyókù mú. Oníṣẹ́ á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú àpá náà jáde, á fún oje rẹ́sììnì sínú rẹ̀, á sì tan iná ultraviolet sí i kí oje náà lè le. Kò sábà gbà ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹyọ kan tí wọ́n fi ooru mú le ni, bó bá ti fọ́, á fọ́ wẹ́wẹ́ ni, ìpààrọ̀ nìkan ló sì kù.

Àtúnṣe kò ní ṣeé ṣe bí ìlà náà bá ti gùn jù, bí ó bá ti kan etí gíláàsì, tàbí bí gíláàsì ti inú náà bá ti sán. Bí ó bá wà ní ọ̀gangan ojú awakọ̀, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni kò ní fọwọ́ kàn án, nítorí pé àtúnṣe kì í pa àpá rẹ́ tán, ohun tó bá ṣẹ́kù sì lè máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú awakọ̀ lóru. Àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìwọ̀n sí i: ní agbègbè kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 290 ní ọ̀kánkán sítíárín, ìpalára tó bá ju mìlímítà 10 lọ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ní ìyókù ibi tí wáípà ń nù, mìlímítà 40 ni òpin rẹ̀. Bí ẹ kò tilẹ̀ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè fi rúlà wọn tiyín wò kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá wá di ìpààrọ̀, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, kámẹ́rà kan wà lẹ́yìn gíláàsì náà, nítòsí dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Òun ló ń bá ọkọ̀ wo ìlà ojú títì, tó sì ń kópa nínú bíréèkì tí ọkọ̀ ń fúnra rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí nǹkan bá dí i lọ́nà lójijì. Bí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì, ojú kámẹ́rà náà lè yẹ̀ díẹ̀, ìyẹ̀ díẹ̀ náà sì tó láti mú kó ṣi ọ̀nà wò. Wọ́n ní láti tún un tò, yálà nínú ṣọ́ọ̀bù níwájú pátákó tí wọ́n ya àmì sí, tàbí kí wọ́n wa ọkọ̀ náà lójú títì títí yóò fi tò ara rẹ̀, bí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà bá ti là á sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ní owó tirẹ̀, owó náà kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò yín bóyá títo kámẹ́rà wà nínú ohun tí wọn yóò san, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀, pàápàá bí ìwé yín bá ní iye tí wọn kò lè san kọjá. Gíláàsì tó ní ojú fún sẹ́ńsọ̀ òjò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mọ̀ pé òjò ń rọ̀, tàbí èyí tí ọkọ̀ ń tan nọ́ńbà eré sí lára, kò ṣeé fi gíláàsì lásán rọ́pò. Ìwé mìíràn gbà kí wọ́n fi gíláàsì ilé iṣẹ́ mìíràn tó dọ́gba pẹ̀lú ti àtilẹ̀wá sí i. Bí ẹ bá ta kú pé ti àtilẹ̀wá lẹ fẹ́, ìyàtọ̀ owó rẹ̀ lè di tiyín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má kánjú wa ọkọ̀ lọ. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ gíláàsì náà mọ́ ọkọ̀, ó wà lára ohun tó ń gbé òrùlé ọkọ̀ dúró bí ọkọ̀ bá dojú dé, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo ẹni tó jókòó níwájú sì máa ń fi ẹ̀yìn tì í nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Oníṣẹ́ ni yóò sọ iye wákàtí tí gọ́ọ̀mù náà nílò, nítorí pé ó ń yàtọ̀ pẹ̀lú irú gọ́ọ̀mù àti bí ojú ọjọ́ ti rí.

Ẹ má tọ oníṣẹ́ kankan lọ kí ẹ tó pe ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, bí ẹ bá sì lo ẹlòmíràn, wọ́n lè dín ohun tí wọn yóò san kù tàbí kí wọ́n fi kún excess yín. Ẹ ya fọ́tò àpá náà tí ọjọ́ yóò hàn lórí rẹ̀, nítorí pé wọn kì í san owó lórí ìpalára tó ti wà ṣáájú ọjọ́ tí ìwé bẹ̀rẹ̀. Iná iwájú ọkọ̀ àti dígí ẹ̀gbẹ́ kì í sábà sí lára ohun tí wọ́n ń pè ní gíláàsì nínú ìwé yìí. Gíláàsì òrùlé sì wà nínú àwọn ìwé kan, kò sí nínú àwọn mìíràn.

Ní ti ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú yín, òkúta tí táyà gbé láti ojú títì ṣòro láti dá awakọ̀ rẹ̀ lẹ́bi fún. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹrù tí kò bò dáadáa ló ti já bọ́, tí ẹ sì ní ẹ̀rí, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ adójútòfò tirẹ̀.

Ìbẹ̀rù yín pé owó ọdọọdún yóò lọ sókè ní ìdí, àmọ́ kò tó bí ẹ ti rò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ya ọ̀ràn gíláàsì sọ́tọ̀, tí kò fi ní pa ẹ̀dínwó tí ẹ ti kó jọ nítorí pé ẹ kò béèrè ohunkóhun rí. Èyí kò sọ pé wọn kò ní kọ ọ́ sílẹ̀: bí ẹ bá ń béèrè léraléra, wọ́n lè wò ó nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba ìwé ọdún tuntun, bí ilé iṣẹ́ mìíràn bá sì béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Bí gíláàsì bá fọ́ pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú ìjàǹbá kan náà, ọ̀ràn ìjàǹbá ni, excess ńlá ni ẹ ó san, ẹ̀dínwó yín sì lè lọ.

Ní tèmi, bí comprehensive ni ẹ ní, tí oníṣẹ́ sì gbà pé àpá yín ṣì ṣeé tún ṣe, ẹ béèrè fún àtúnṣe lọ́sẹ̀ yìí bí wọn kò bá gba excess lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbà á, tí ó sì tó owó àtúnṣe tàbí tó jù ú lọ, ẹ fi owó ara yín ṣe é, kí ẹ má sì béèrè lọ́wọ́ adójútòfò. Ṣùgbọ́n bí ìpààrọ̀ ni, tí ọkọ̀ yín sì ní kámẹ́rà, ó ṣọ̀wọ́n kí ó sàn kí ẹ dá a san. Bí gíláàsì yín bá sì jẹ́ àfikún tí ẹ rà lọ́tọ̀, ẹ béèrè bóyá ààbò náà ṣì wà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san án lẹ́ẹ̀kan, tàbí ẹ ní láti tún un rà fún ìyókù ọdún náà.