48% ní math: ṣé kí n fi ọmọ mi sí charter yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa ní Houston. Ọmọbìnrin mi máa wọ kíláàsì kẹta ní August, Alief la wà, charter kékeré kan, skúùlù tí ìjọba ń náwó sí àmọ́ tí àwọn aládàáni ń darí, wà nítòsí wa tí gbogbo ọmọ ẹ̀ ò tó igba. Ẹni tó mú wa yí skúùlù náà ká mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń kọjá, inú mi dùn gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo délé tí mo yẹ èsì STAAR wọn, ìdánwò ìjọba Texas, wò lórí fóònù, àyà mi já, kíláàsì kẹta, math, 48%! Bàbá ẹ̀ ní kò ya òun lẹ́nu, pé ṣé mi ò rí i pé aláwọ̀ dúdú àtàwọn ará Mẹ́síkò ló kún ibẹ̀ ni, pé nínú ọmọ mẹ́wàá, mẹ́jọ nìjọba kọ ní tálákà, pé torí irú ẹ̀ kọ́ la ṣe ta ilẹ̀ n'Íbàdàn. Fọ́ọ̀mù wọn tún ń béèrè èdè tí à ń sọ nílé, ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá fi lè kọ Yorùbá, wọ́n á kó ọmọ mi sáàárín àwọn tí ò gbọ́ òyìnbó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Àbúrò mi, màá pè ẹ́ ní "ìwọ" o, má bínú, àkọ́bí mi ti wà ní yunifásítì.

48% nínú ọmọ mélòó? Ohun tí wàá kọ́kọ́ bi wọ́n nìyẹn. Skúùlù tí ọmọ ẹ̀ ò tó igba, kíláàsì kẹta ibẹ̀ lè má ju mọ́kànlélógún lọ, ọmọ mẹ́wàá sì ni 48% mọ́kànlélógún. Kí ọmọ méjì péré ṣe dáadáa sí i, ó ti di 57%, kí méjì jí pẹ̀lú ibà láàárọ̀ ẹ̀sáàmù, ó bọ́ sí 38%, bẹ́ẹ̀ tíṣà ò yí padà, ìwé ò yí padà. Ojú mi ló ṣe. Skúùlù kékeré tí ọmọ mi kejì lọ, lọ́dún kan math kíláàsì kẹrin wọn já wálẹ̀ bí àgbọn, gbogbo òbí ń pariwo, la bá jókòó sídìí tábìlì tí àwọn ọmọ fi ń jẹun, à ń fìka kà wọ́n: ìdílé mẹ́ta ti kó lọ lẹ́yìn Kérésì nítorí owó ilé, mẹ́ta míì dé ní February, ọmọ kan nínú wọn ò tíì gbọ́ ju "yes" lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ó tún gòkè, kò sẹ́ni tó wá dúpẹ́.

Tún lọ wò ó, kọ́lọ́ọ̀mù wo lo kà? "Approaches" ni wọ́n kà sí pé ọmọ yege, "Meets" ga jù ú lọ, "Masters" ló wà lókè pátápátá. Tó bá jẹ́ Meets ni 48% yẹn, fara balẹ̀ jàre, torí ní 2024, gbogbo Texas lápapọ̀, ọmọ kíláàsì kẹta tó dé Meets ní math ò tó ìdajì. Tó bá jẹ́ Approaches, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ nìyẹn. Wá ìwé kan tí TEA, àjọ ètò ẹ̀kọ́ Texas, máa ń gbé jáde lórí skúùlù kọ̀ọ̀kan, TAPR lorúkọ ẹ̀, ka ti ọdún mẹ́ta. Wàá rí bí àwọn ọmọ ṣe ń wọlé jáde láàárín ọdún àti iye ọdún tí àwọn tíṣà ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ lèmi máa ń kọ́kọ́ ṣí. Tóo bá rí ìràwọ̀ níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà, àwọn ọmọ yẹn ló kéré jù, wọn ò fẹ́ kéèyàn lè tọ́ka sí ọmọ ọlọ́mọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ. Ọmọ tiyín náà ńkọ́, kí ni bàbá ẹ̀ fẹ́ mú fún un nínú fọ́ọ̀mù, òyìnbó? Inú àpótí "Black" kan náà ni wọ́n máa kó òun, ọmọ Kóńgò, ọmọ Haiti àti ọmọ tí bàbá ńlá ẹ̀ ti wà ní Third Ward, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Houston níbí, kí wọ́n tó bí wa. "Tálákà" tí wọ́n kọ yẹn náà, ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ tàbí ẹlẹ́dìnwó ni. Ọdún mẹ́rin tá a kọ́kọ́ dé, àwọn ọmọ mi wà lára "tálákà" yẹn, bàbá wọn tó ní master's ń ti wheelchair kiri nílé àwọn arúgbó. Òfin No Child Left Behind tí Bush fọwọ́ sí ní 2002 ló sọ ọ́ di dandan kí wọ́n máa pín èsì ìdánwò sí ẹ̀yà àti tálákà bẹ́ẹ̀, òfin 2015 tó rọ́pò ẹ̀ ò sì yọ ọ́ kúrò, kí skúùlù má baà fi èsì àwọn tó ń ṣe dáadáa bo àwọn tí wọ́n pa tì. Skúùlù ni wọ́n ní ká máa fi ṣọ́, kì í ṣe ọmọ.

Fọ́ọ̀mù èdè, kọ Yorùbá síbẹ̀. Èmi parọ́ lórí àbíkẹ́yìn mi, mo kọ English, bẹ́ẹ̀ màmá mi ló tọ́ ọ, ọmọ lo oṣù méjì ní pre-K kò lè sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Wọ́n á dán an wò, tó bá gbọ́ òyìnbó dáadáa, ó parí. Tí kò bá gbọ́ ọ tó, wọn ò lè fi í sí ètò àwọn tó ń kọ́ òyìnbó àfi tóo bá fọwọ́ sí i, àmọ́ tóo bá kọ̀, á ṣì máa ṣe TELPAS, ìdánwò òyìnbó wọn, lọ́dọọdún títí á fi yege.

Owó ìjọba ni charter ń ná, kò sí skúùlù fíìsì, tí orúkọ bá ju àyè lọ wọ́n á ṣẹ́ gègé. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní bọ́ọ̀sì, béèrè o. Fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ná, ìyẹn ò ní kóo má kọ̀ tó bá yá. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, ní kí wọ́n jẹ́ kóo jókòó sẹ́yìn kíláàsì nígbà math, kóo sì bi ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ yẹn pé nínú àwọn tíṣà èṣí, mélòó ló ṣì wà. Mú ọkọ ẹ dání.