Bí ọmọ àgbàdo yín kò bá kún

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ní àgbàdo yín ga, ewé rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ nígbà tí ẹ bó háhá rẹ̀, hóró kò kún ara ṣùkù: ibì kan ní, ibì kan pá. Ẹ tún ní ìlà kan ṣoṣo lẹ gbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, àti pé èyí tí ẹ gbìn tẹ̀lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ìyẹn òdòdó orí àgbàdo. Ẹ má dá ilẹ̀ yín lẹ́bi. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ni mo fura sí, torí ilẹ̀ kékeré tí èmi àti ẹbí mi ń dá ti fi ọ̀rọ̀ yìí hàn wá dáadáa.

Atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ń mú kí hóró yọ, láti orí ìrùkẹ̀rẹ̀ wá sórí irun tó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo. Irun kọ̀ọ̀kan ló ní hóró tirẹ̀. Èyí tí lẹ́búlẹ́bú kò bá dé ara rẹ̀, ojú ibẹ̀ á ṣófo. Bí àgbàdo bá wà lórí ìlà kan ṣoṣo, atẹ́gùn á gbá púpọ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú yẹn dà sórí koríko. Torí náà, kódà bó jẹ́ hóró 20 péré lẹ ní, ẹ pín in sí ìlà kúkúrú 4 tàbí 5 tó wà nítòsí ara wọn. Àwa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 sáàárín ìlà sí ìlà, 25 sáàárín igi sí igi. Ó máa ń wu èèyàn láti fún un pọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá kéré, ṣùgbọ́n àgbàdo tó fún jù lè ga láìbímọ, ọmọ tó bá sì bí á tín-ín-rín.

Omi náà lè fà á. Àgbàdo máa ń fara da ọ̀dá díẹ̀ nígbà tó bá wà ní kékeré. Nígbà tó bá ń yọ irun, kò lè fara dà á rárá. Irun á pẹ́ kó tó jáde, lẹ́búlẹ́bú á sì ti dànù. Lọ́dún kan tí òjò dá lójijì lásìkò yẹn, omi kànga wa kò tó gbogbo oko, apá kan la rí bomi rin. Irúgbìn kan náà ni, ọjọ́ kan náà la gbìn ín. Ibi tí omi dé kún fọ́fọ́, ibi tí kò dé pá. Látìgbà náà, bí omi bá wọ́n, àsìkò irun là ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Èpò, ẹ tètè ro ó kí àgbàdo tó dé orúnkún. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n láti ṣóńṣó rẹ̀ gba àárín wọlé, ebi ajílẹ̀ ló ń pa á. Ẹ sì máa yẹ inú ewé òkè wò fún kòkòrò láàárọ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó dà bí ìyẹ̀fun pákó ni yóò tú u fó.

Fún ìlà tó wà nílẹ̀ báyìí, ẹ dúró kí ìrì gbẹ láàárọ̀, kí ẹ gbọn ìrùkẹ̀rẹ̀ sínú bébà, kí ẹ sì bu lẹ́búlẹ́bú náà wọ́n irun ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é ní àárọ̀ mélòó kan tẹ̀léra, torí gbogbo irun kì í yọ lọ́jọ́ kan náà.