Ṣé epo pupa ni oògùn epo òyìnbó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, gbé ike omi tí a rọ epo òyìnbó àtùpà sí, ó sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Ikọ́ mú un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá ọkọ mi sáré bu epo pupa, wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n sì ti ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ kí ó lè bì. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ bá wa wí gidigidi. Kí ni ìyá wa ṣe tí kò dára?
Ìyá ọmọ, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: A bá yín yọ̀ pé ara ọmọ yá. Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni ó mú ìyá ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ̀dọ̀fóró ni epo òyìnbó ń bàjẹ́ ju inú lọ. Kò ki, ó sì máa ń tàn kálẹ̀ kíákíá, nítorí náà bí ọmọ bá ń bì í, tí ó tún ń gba ọ̀fun kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà náà gan-an ni ó rọrùn fún un láti yà sí ọ̀nà èémí. Epo pupa a sì máa mú kí ọmọ bì. Òun fúnra rẹ̀ náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn kan tún ń sọ pé epo pupa ń pa agbára sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ bí ọmọ bá gbé e mì, nítorí pé wọ́n rí i bí méjèèjì ṣe ń di ọṣẹ nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni nínú ìkòkò, níbi tí a ti ń rò ó fún àkókò gígùn. Nínú ọ̀fun ọmọ, sódà á ti jó ẹran ara kí epo tó ṣe ohunkóhun, bí a bá sì mú kí ó bì, yóò tún jó ibẹ̀ nígbà tí ó bá ń padà bọ̀.

Ohun tí ó yẹ ni kí ẹ fi omi fọ ẹnu ọmọ, kí ẹ bọ́ aṣọ tí epo ta sí, kí ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìjókòó. Bí ó bá tilẹ̀ ń ṣeré, ẹ gbé e lọ, nítorí pé mímí kíákíá àti ibà lè dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 6. Ẹ gbé ike náà dání pẹ̀lú, nítorí ìtọ́jú epo òyìnbó yàtọ̀ sí ti sódà tàbí Javel, omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun.

Ike náà gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Ní ìlú tí a ti ń ta kpayo, epo ọkọ̀ fàyàwọ́, nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ojú wa ti mọ́ epo nínú ohun tí a fi ń mu omi, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì kò mọ̀ ju pé ike omi ni. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tí kò jọ ohun mímu, tí ìdérí rẹ̀ le, kí ẹ sì gbé e sókè níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.

Ní ti ìyá wa, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín bá wọn sọ ọ́, kí ó má baà dà bí pé ìyàwó ni ó ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú ọmọ.