"Ta ló ní kí ẹ ṣe é?": ọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ gbígbóná fún àwọn ará abẹ́ bíríìjì

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè pé òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin nínú ìjọ òun fẹ́ máa se oúnjẹ gbígbóná lọ fún àwọn tó ń sun abẹ́ bíríìjì l'Ékòó, pé irú oúnjẹ wo ló dáa, pé ìkòkò mélòó ló máa tó, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i pé gbogbo ẹni tó ti dá yín lóhùn ló ń ka iye ìrẹsì. Èmi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi méjì ti ń ṣe é bọ̀ fún ọdún díẹ̀ lágbègbè Òbáléńdé, ìrẹsì kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Ẹni tó bá ti se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ rí á se ti abẹ́ bíríìjì. Kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì jẹ ẹ́, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé nítorí ebi ń pa wọ́n, wọn ò lè kọ oúnjẹ. Wọ́n ń kọ̀ ọ́ dáadáa. Ta ni ò mọ sàárà nílẹ̀ wa? Ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé ẹ̀ bá dojú rú, wọ́n á ní kó lọ se ẹ̀wà, kó din àkàrà, kó há a fún àwọn alágbe, kí ohun búburú lè bá a lọ. Ará abẹ́ bíríìjì mọ èyí ju gbogbo wa lọ, torí òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Kó wá jẹ́ pé lálẹ́ ni, kó jẹ́ pé mọ́tò tí wọn ò rí rí ló dúró, tí àwọn àjèjì ń sọ kúlà kalẹ̀, láyé oògùn owó tí a wà yìí! Èmi náà á sá.

Ìyá àgbà kan wà tó máa ń tẹ́ páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ìyá yìí gba àwo lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wá wojú mi, ó ní, "Ta ló ní kí ẹ ṣe é?" Mo ní kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é, mà. Ó ní, "Èèyàn kì í ṣàdédé gbé oúnjẹ wá síbí. Wòlíì ni àbí ààfáà?" Mi ò bá a jiyàn. Mo jókòó sí etí páálí yẹn, mo bù nínú àwo ọwọ́ ẹ̀ gan-an, mo jẹ ẹ́. Ó ń wò mí lọ́nà ọ̀fun títí mo fi gbé e mì. Ìgbà yẹn ló tó bù díẹ̀ sọ sílẹ̀, ó ṣe bísímílà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kò dúpẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì retí ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ máa jẹun níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ tọ́ ọ wò o. Ẹ bu tiyín nínú kúlà kan náà, pẹ̀lú ṣíbí kan náà, lójú gbogbo wọn, kí ẹ jókòó jẹ ẹ́ tán. Bí ẹ̀yin ò bá lè jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ jẹun, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa gbé e lọ.

Ẹyin tún ràn wá lọ́wọ́ gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ se ẹyin, ẹ má bó o. Kò sẹ́ni tó lè ní ẹ fi nǹkan sínú ẹyin tí èèpo ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹran ló máa ń dá ìjà sílẹ̀: tiẹ̀ tóbi ju tèmi lọ, egungun lẹ fún èmi. Ẹyin ò ní ńlá ò ní kékeré, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù, ó parí. Ẹ ò sì ní ronú pé ta ló pa ẹran náà, bóyá àwọn Mùsùlùmí inú wọn máa jẹ ẹ́ àbí wọn ò ní jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: abẹ́ bíríìjì kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lólúwa. Lọ́dún 2024, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé àwọn tó ń gbé abẹ́ bíríìjì Dolphin Estate ní Ìkòyí, yàrá 86 ni wọ́n ní àwọn bá níbẹ̀, wọ́n sì ní wọ́n ń fi àwọn kan háyà ní ₦250,000 lọ́dún. Ibi tí ẹnì kan bá ti ń gbowó ilé, ẹnì kan ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má gbé oúnjẹ kankan dání. Ẹ lọ kí wọn. Wọ́n á fi ẹni tó jẹ́ alága ibẹ̀ hàn yín. Ẹ má fún un lówó, torí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní lè dá a dúró mọ́. Ẹ sọ fún un pé òun ló máa to àwọn èèyàn ẹ̀, òun ló sì máa gbẹ̀yìn jẹun. Tiwa kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kí ni àwọn fẹ́ fi oúnjẹ ṣe, kí a mú owó wá. Nígbà tó ya, bí ẹnikẹ́ni bá fo ìlà, òun gan-an ló ń pariwo jù.

Ẹ sì wá obìnrin tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ rí. Kò síbi tí wọ́n ń sùn l'Ékòó tí kò ní ìyá alákàrà tàbí ìyá oníẹ̀wà tiẹ̀. Àwọn èèyàn kì í ronú kan obìnrin yìí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí oúnjẹ ọ̀fẹ́ máa kọ́kọ́ pa lára nìyẹn. Òun ló ń tà wọ́n láwìn láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé. Ẹ wá gbé kúlà dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọjà ẹ̀ kú. Ohun tí àwa ṣe ni pé a gbà á ní alásè. A máa ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ nílé, òun á máa din àkàrà lójú wọn, a á sanwó gbogbo àkàrà náà fún un. Àkàrà kúrò nínú epo, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Oúnjẹ wo ló tún gbóná tó yẹn? Wọ́n sì ti mọwọ́ ẹ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ta ló ní kó ṣe é. Òun ló tún mọ ẹni tí ara ẹ̀ ò yá tí kò lè dìde wá sórí ìlà, àti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀.

Ní ti èrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kéde ohunkóhun. Ẹ má gbé e sórí Facebook, ẹ má sọ ọ́ lórí rédíò. Gbogbo wa la rántí oṣù Kejìlá 2024. Ní ọjọ́ 18, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọdé ní Bàṣọ̀run, Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́ta sígbà yẹn ló tún ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Máìtámà, l'Ábújá, àti ní Òkìjà ní Ìpínlẹ̀ Anambra. Àwọn tó ṣètò wọn kò ní i lọ́kàn láti pa ẹnikẹ́ni. Èrò tó wá pọ̀ ju ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ lọ ni. Ẹ fi ènìyàn 40 bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà, ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀. Ẹ má pín in lẹ́nu ọ̀nà tóóró tàbí látinú bọ́ọ̀tù mọ́tò. Bí àwọn tó dé bá pọ̀ ju oúnjẹ lọ, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó ṣí ìdérí.

Ó wá ku ìkòkò tí ẹ béèrè. Fún ènìyàn 40, ìrẹsì kìlò 3 pẹ̀lú ẹ̀wà kìlò 2 á tó. Ẹ gbé ẹ̀wà kaná ṣáájú, kó rọ̀ dáadáa, torí àwọn àgbà ibẹ̀ kan ò léyín mọ́. Ata kó mọ níwọ̀n. Ikùn tó ti ṣófo látàná ò lè gba ata rodo yín. Ẹ má gbé ọbẹ̀ pọ̀ mọ́ ìrẹsì láti ilé, ọ̀tọ̀ ni kí kúlà tiwọn wà. Mi ò fara mọ́ àsáró tí ẹnì kan dábàá lókè yẹn, ó máa ń tètè kan. Ẹ̀bà náà ò dáa, ó ti le kó tó débẹ̀.

Kó gbóná o, kó má lọ́ wọ́ọ́wọ́. Kòkòrò àrùn kan wà tó ń bá ìrẹsì wá láti oko, Bacillus cereus ni wọ́n ń pè é. Síse kì í pa á tán. Bí ìrẹsì bá ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, májèlé tó sì máa ń tú síbẹ̀, tó ń fa èébì, ẹ lè tún un gbé kaná títí, kò lọ. Tí kúlà bá mú un gbóná ju 60°C lọ, kò séwu. Ẹ da omi gbígbóná sínú kúlà ṣáájú, ẹ dà á nù, kí ẹ tó wa oúnjẹ sí i. Kó má sì ju wákàtí méjì lọ láti orí iná dé ẹnu wọn. Go-slow wà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀; aago mẹ́fà àárọ̀ Sọ́ńdè la máa ń jáde.

Ìjọba Èkó ti fòfin de páàkì fómù funfun láti oṣù Kìíní 2024, ẹ má wulẹ̀ rà á. Àwo oníke tó le la ń lò, à ń gbà á padà, à ń lọ fọ̀ ọ́ nílé. Ẹ gbé búútà méjì àti ọṣẹ dání fún ọwọ́ fífọ̀, àti piọ́wọ́tà. Ẹ má dáná ńlá lábẹ́ bíríìjì o: iná tó sọ ní Àpọ́ńgbọ́n lóṣù Kẹta 2022 ba bíríìjì Èkó jẹ́ débi tí wọ́n fi tì í pa.

Fọ́tò? Rárá. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará ilé ẹ̀ rò pé iṣẹ́ gidi ló ń ṣe l'Ékòó.

Ẹ tún béèrè bóyá kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ Sunday School dání. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bó ẹ̀wà àkàrà nílé ná, títí ẹ̀yin fúnra yín á fi mọ ibẹ̀. Tí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. Mo ní ìkòkò ìnáwó ńlá kan tí mo lè yá yín, ṣùgbọ́n kí ẹ ha ìdí ẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dá a padà.